Ta Ló Ń Mú Un Jó? Ìtàn Fídíò Orin "Sledgehammer"

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí jẹ mọ́ fídíò orin rọ́ọ̀kì kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1986. "Sledgehammer" ni orúkọ orin náà, Peter Gabriel ni ó sì kọ ọ́. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ni òòlù ńlá, irú èyí tí a fi ń fọ́ òkúta. Mo fẹ́ràn fídíò yìí ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ, àríyànjiyàn inú ilé wa ni ó sì sọ mí di ẹni tí ń wá ìtàn rẹ̀ kiri.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wá sí ilé ní àkókò ìsinmi Kérésìmesì. Orin òyìnbó oríṣiríṣi ni ó kún inú rẹ̀. Nígbà tí ó kan orin tí mo ń wí yìí, gbogbo wa tí a wà ní pálọ̀ dákẹ́. Orí ọkùnrin kan ni ó kún ojú tẹlifísàn. Ó ń kọrin, ṣùgbọ́n àwọsánmà ń rìn kọjá lórí awọ ojú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ń yí orí rẹ̀ po. Èso igi kó ara wọn jọ, wọ́n di imú, wọ́n di ẹnu, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń bá orin lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni adìẹ méjì tí a ti tu ìyẹ́ wọn, tí a sì ti gé orí wọn, bọ́ sí ojú agbo, tí wọ́n ń jó.

Ìyá wa ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo àwọn adìẹ náà títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń mú un jó?" Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn kíá pé, "Kọ̀ǹpútà ni, Màámi." Ìyá wa mi orí. Wọ́n ní àwọn kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwọn rí yìí jọ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di iyàn láàárín wa, ó sì tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ ẹni tí ó jàre.

Fídíò orin kí ó tó di ọdún 1986

Kí a tó mọ ibi tí iṣẹ́ yìí ti wá, ó yẹ kí a mọ irú ayé tí wọ́n bí i sí. Ìgbà kan wà tí orin kò ní ju ohùn lọ. Bí olórin bá fẹ́ kí ojú rí òun, àfi kí ó lọ sí orí ìtàgé tàbí ilé iṣẹ́ tẹlifísàn. Ní ọdún 1975, ẹgbẹ́ olórin Queen ya fídíò fún orin wọn, "Bohemian Rhapsody", kí tẹlifísàn lè máa fi í hàn nígbà tí àwọn fúnra wọn kò bá sí níbẹ̀. Bruce Gowers ni ó darí rẹ̀, wọn kò sì lò ju wákàtí mélòó kan lọ láti yà á. Àwọn mìíràn ti ya àwòrán fún orin ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tiwọn ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gbé orin jáde wá mọ̀ pé àwòrán lè ta orin.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1981, ilé iṣẹ́ tẹlifísàn MTV bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Fídíò orin ni ó ń fi hàn tọ̀sán-tòru. Ohun tí kì í ju àfikún lásán lọ tẹ́lẹ̀ wá di ọjà ńlá. Gbogbo olórin ni ó ń wá olùdarí, gbogbo olùdarí sì ń wá ohun tí ojú kò rí rí.

Ọdún 1985 ni ọ̀rọ̀ wá dùn. Ní ọdún náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Steve Barron darí fídíò méjì tí ayé kò gbàgbé títí di òní. Ọ̀kan ni "Take On Me" ti ẹgbẹ́ a-ha láti ilẹ̀ Norway, níbi tí àwọn ayàwòrán ti fi pẹ́ńsù ya àwòrán lé orí fọ́tò ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni "Money for Nothing" ti ẹgbẹ́ Dire Straits, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ya àwọn ọkùnrin onígun mẹ́rin tí ń ru ẹrù kiri. Ní ọdún 1986, nígbà tí MTV ń pín àmì ẹ̀yẹ, "Take On Me" gba 6, ṣùgbọ́n "Money for Nothing" ni wọ́n fún ní ti fídíò tí ó dára jù lọ nínú ọdún.

Ẹ kíyè sí i: ọ̀nà méjì ti wà nílẹ̀, ti ọwọ́ àti ti kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe "Sledgehammer" ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀nà tí ó nira.

Ẹni tí ó ni orin

Ọdún 1950 ni wọ́n bí Peter Gabriel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni akọrin ẹgbẹ́ Genesis títí di ọdún 1975, kí ó tó yà sọ́tọ̀. Nígbà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà, a máa gbé agọ̀ wọ̀ lórí ìtàgé. Ní ọdún 1972, ó jáde sí àwọn òǹwòran pẹ̀lú orí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti aṣọ obìnrin pupa. Ẹni tí ó ti mọ bí ènìyàn ṣe ń bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè di ohun mìíràn ni, ìwà yìí yóò sì wúlò fún un níwájú.

Ní ọdún 1966, nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó lọ wo Otis Redding, akọrin sọ́ọ̀lù ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ní ilé ijó kan ní Brixton ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ìran náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó kọ "Sledgehammer" láti fi bu ọlá fún irú orin bẹ́ẹ̀, ó sì pe Wayne Jackson, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n fọn fèrè idẹ fún Otis Redding, pé kí ó wá fọn ún sí i. Nínú àwo orin kan náà, tí ń jẹ́ *So*, ni Youssou N'Dour, ọmọ Senegal, ti kọrin ní èdè Wolof nínú "In Your Eyes". Ọ̀rẹ́ ilẹ̀ wa ni Gabriel. Òun kan náà ni ó kọ orin arò fún Steve Biko ti Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1980.

Orin ìfẹ́ ni "Sledgehammer". Ó kún fún àfiwé: ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfúrufú, èso, oyin àti òòlù. Gbogbo àfiwé wọ̀nyí ni àwọn tí wọ́n ṣe fídíò náà mú ní ohun gidi. Bí ẹnu bá dárúkọ ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú irin yóò jáde; bí ó bá dárúkọ èso, èso yóò bo ojú. Ohun tí etí gbọ́ ni ojú ń rí.

Àwọn ọlọ́wọ́

Stephen R. Johnson, ọmọ Amẹ́ríkà, ni olùdarí. Gabriel rí iṣẹ́ rẹ̀ nínú "Road to Nowhere", fídíò tí ó ṣe fún ẹgbẹ́ Talking Heads ní ọdún 1985, ó sì wù ú. Ṣùgbọ́n Johnson nìkan kò lè dá a ṣe. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Wọ́n lọ sí ìlú Bristol, ní ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ Aardman. Ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ìwé, Peter Lord àti David Sproxton, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1972. Amọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ère, wọn a sì mú ère náà rìn nínú àwòrán. Láti ọdún 1977 ni àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ère amọ̀ wọn kékeré tí ń jẹ́ Morph láti orí tẹlifísàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọdún 1985 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nick Park ni orúkọ rẹ̀. Òun ni wọ́n gbé adìẹ méjèèjì lé lọ́wọ́.

Wọ́n tún pe Stephen àti Timothy Quay. Ìbejì ni wọ́n, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n wá fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ilé. Ọdún 1947 ni wọ́n bí wọn, wọn kì í sì í pín ara wọn níyà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní. Iṣẹ́ àwọn ìbejì wọ̀nyí ṣókùnkùn ju ti Bristol lọ. Bèbí tí ó ti gbó, ìṣó, okùn àti eruku ni wọ́n fi ń sọ ìtàn. Láàárín ìrẹ́rìn-ín Aardman àti òkùnkùn àwọn ìbejì yìí ni "Sledgehammer" dúró sí, ìdí nìyí tí ó fi ń pa wá lẹ́rìn-ín tí ó sì tún ń dẹ́rù bà wá díẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí inú àlàyé yìí ni ẹwà rẹ̀ wà. Gbogbo fíìmù, fọ́tò lásán ni ó jẹ́. Fọ́tò 24 ni ó ń kọjá lójú wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ń rò pé nǹkan ń rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí adìẹ tí ó ti kú jó, yóò gbé e kalẹ̀, yóò ya fọ́tò kan. Yóò sún ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ìbú èékánná, yóò tún ya òmíràn. Báyìí ni yóò máa ṣe é lọ. Nígbà mìíràn wọn a máa ya fọ́tò méjì fún ìsúnsí kan, èyí tí yóò mú kí ìsúnsí 12 tó fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 300. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po 24, ó di fọ́tò 7,200. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ìsúnsí 12 ni a ń ṣe, ìgbà 3,600 ni ọwọ́ yóò kan nǹkan. Ní ayé ìgbà náà, inú fíìmù ni fọ́tò ń wọ̀. Àfi tí a bá fọ fíìmù náà tán ni a tó lè rí bóyá ohun tí a ṣe dára. Bí àṣìṣe bá wà ní àárín, kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́ kúrò bí ẹni yọ òkúta nínú ẹ̀wà. A óò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Orin ńkọ́? Wọ́n ti gba ohùn orin sílẹ̀ ṣáájú. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò tẹ́tí sí i, wọn yóò gé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, wọn yóò kọ ọ́ sí ìwé pé fọ́tò báyìí ni ẹnu yóò là, fọ́tò báyìí ni ètè yóò pàdé. Ère amọ̀ kò ṣòro ní ìhà yìí, nítorí ẹnu tí a bá mọ fún un ni yóò ní. Ṣùgbọ́n nínú fídíò yìí, ènìyàn ẹlẹ́mìí ni wọ́n fi ṣe ère. Peter Gabriel fúnra rẹ̀ ni ó dùbúlẹ̀ sí abẹ́ awo díńgí kan, kí wọ́n lè máa to nǹkan sí òkè ojú rẹ̀. Wákàtí 16 ni ó fi wà níbẹ̀. Yóò la ẹnu sí ìdajì ọ̀rọ̀ kan, yóò dúró gbọin bí òkú, wọn yóò tún èso tò, wọn yóò ya fọ́tò; yóò wá yí ẹnu sí ìdajì kejì.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ èyí, mo jókòó pẹ̀sẹ̀. Olórin tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé ni ó gbà láti di amọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì mìíràn nígbà náà ń fẹ́ kí fídíò fi àwọn hàn bí ọba: nínú mọ́tò olówó iyebíye, láàárín àwọn arẹwà obìnrin, pẹ̀lú èéfín àti iná. Gabriel jẹ́ kí wọ́n fi èso bo ojú òun, kí wọ́n kun òun ní ọ̀dà, kí wọ́n fi amọ̀ mọ orí òun kí òòlù sì máa lù ú. Ẹ̀rín ni ó fi ojú ara rẹ̀ ṣe.

Bí fídíò náà ṣe ń yí ni ó tún wú mi lórí. Inú ara ènìyàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ibi tí a ti ń rí àtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀, àwọn ohun tíntìntín tí ẹ̀mí ti ń wá. Lẹ́yìn náà ni ojú olórin dé, tí yóò di òfúrufú, tí yóò di èso, tí yóò di yìnyín, tí yóò di igi, tí yóò di amọ̀. Lẹ́yìn ijó adìẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn tú jáde sí inú yàrá, wọ́n ń yí olórin po pẹ̀lú ìfọ̀sókè tí kò dán: àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣe fídíò náà wà nínú wọn, àwọn ọmọbìnrin Gabriel méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ìgbẹ̀yìn, ó di ènìyàn tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ kìkì ìràwọ̀, ó sì rìn lọ sínú ojú ọ̀run alẹ́. Láti inú ẹ̀jẹ̀ dé inú ìràwọ̀ ni ìrìn-àjò náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó dúró láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Àwọn baba iṣẹ́ yìí

Kò sí ọmọ tí kò ní baba. Ní ọdún 1907, J. Stuart Blackton ní Amẹ́ríkà ti ṣe fíìmù ilé ìtura abàmì kan, níbi tí ọ̀bẹ ti ń gé búrẹ́dì láìsí ọwọ́ tí ó dì í mú. Ní ọdún 1952, Norman McLaren ní ilẹ̀ Kánádà ṣe *Neighbours*: ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ jẹ́ aládùúgbò jà nítorí òdòdó kan títí wọ́n fi run ara wọn. Ènìyàn gidi ni ó fi ṣe é, ṣùgbọ́n fọ́tò kọ̀ọ̀kan ni ó yà wọ́n, tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí koríko láìgbé ẹsẹ̀. Iṣẹ́ náà gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Ní Prague, Jan Švankmajer ṣe fíìmù kan ní ọdún 1982 níbi tí àwọn orí tí a fi ẹ̀fọ́ àti ohun èlò ilé ṣe ti ń jẹ ara wọn. Àwọn ìbejì Quay kà á sí ọ̀gá. Bí a bá sì fẹ́ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, Arcimboldo, ayàwòrán ọmọ Ítálì, ti fi èso àti ẹ̀fọ́ ya ojú ènìyàn ní nǹkan bí irinwó ọdún ṣáájú "Sledgehammer".

Àwa Yorùbá pẹ̀lú mọ nǹkan nípa ìran báyìí. Àwọn apidán, egúngún aláré, a máa di òjòlá, wọn a máa di ọ̀nì ní ojú agbo, àwọn àgbààgbà sì mọ̀ pé ìmọ̀ iṣẹ́ wà lábẹ́ aṣọ náà. Èmi kò sọ pé àwọn ará Bristol kọ́ ọ lọ́wọ́ wa o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyá mi ti wo idán ní kékeré, ojú wọn sì ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó ń rìn fúnra rẹ̀ àti ohun tí ẹnì kan ń mú rìn.

Ohun tí ọwọ́ mi rí

Ní ọjọ́ kan, mo pinnu láti dán an wò. Mo tọrọ amọ̀ lọ́wọ́ obìnrin amọ̀kòkò kan, mo mọ ọkùnrin kékeré kan, mo gbé kámẹ́rà ka orí àga. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí ọkùnrin náà dìde ní ìjókòó kí ó sì juwọ́. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Amọ̀ kọ́kọ́ gbẹ, ó sì sán ní èjìká. Nígbà náà ni mo wá mọ ìdí tí àwọn ará Aardman fi ń lo amọ̀ tí a fi òróró pò, tí kì í gbẹ. Ọmọ kékeré kan sáré kọjá, ó kọ lu tábìlì. Ní nǹkan bí aago méje, iná lọ. Mo tan fìtílà, mo ń bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo to àwọn fọ́tò náà pọ̀, ilẹ̀ ṣú lójijì lórí ọkùnrin mi bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀.

Fọ́tò 240 ni mo yà. Ìsúnsí 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú àáyá péré. Ẹ̀yìn ń ro mí, ojú ń ta mí. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi wò. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan ibì kan, ó ní, "Ìka rẹ wà lára èjìká rẹ̀ níbí." Lóòótọ́ ni: àmì ìka mi ń yí padà lára amọ̀ láti fọ́tò dé fọ́tò, bí ẹni pé ara ọkùnrin náà ń gbọ̀n. Mo ní, "Ẹ lọ wo adìẹ wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, Bùrọ̀dá mi." A tún kásẹ́ẹ̀tì náà wò. Lára orí amọ̀ Gabriel, àmì ìka wà níbẹ̀. Lára èso, ìmọ́lẹ̀ ń fò díẹ̀díẹ̀. Ìrìn gbogbo wọn kò dán. Ohun tí a ti ń wò fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé àìdán yẹn gan-an ni adùn rẹ̀. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kò hàn nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ó fi ipa sílẹ̀ lórí gbogbo nǹkan, bí ìgbà tí a bá rí ojú ìka lára ìkòkò tí a ti sun.

Ta ni ó ni oúnjẹ orí tábìlì?

Nínú oṣù keje ọdún 1986, "Sledgehammer" gun òkè téńté ní Amẹ́ríkà, ó sì rọ́pò orin "Invisible Touch" ti ẹgbẹ́ Genesis, ẹgbẹ́ tí Gabriel fúnra rẹ̀ ti fi sílẹ̀. Ní ọdún 1987, fídíò rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ MTV 9 ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò sì sí fídíò kan ṣoṣo tí ó tíì gbà tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Orúkọ Peter Gabriel ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ó tọ́ sí i; òun ni ó kọrin, òun ni ó dùbúlẹ̀ fún wákàtí 16. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ràn fídíò náà pé ta ni ó mú adìẹ jó, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀.

Inú mi dùn pé ìtàn Nick Park kò parí síbẹ̀. Òun ni ó dá Wallace àti Gromit, ọkùnrin tí ó fẹ́ràn wàràkàṣì àti ajá rẹ̀, sílẹ̀, tí fíìmù àkọ́kọ́ wọn jáde ní ọdún 1989. Ó gba Oscar ní ọdún 1991 fún *Creature Comforts*. Ní ọdún 2000, òun àti Peter Lord jọ darí *Chicken Run*, ìtàn àwọn adìẹ tí wọ́n kọ̀ láti kú, tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà àtisá lọ. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí pé ẹni tí ó mú adìẹ òkú jó ní ọdún 1986 ni ó wá fún adìẹ ní òmìnira.

Ẹ̀rí kan ṣì kù tí mo fi pa iyàn ẹ̀gbọ́n mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Gabriel àti Johnson kan náà tún pàdé lórí orin "Steam". Ní àkókò yìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Fídíò náà gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 1994, àwọn òǹwòran sì yà ẹnu nígbà náà. Ẹ wò ó lónìí. Ní ojú tèmi, ó ti gbó, nítorí kọ̀ǹpútà ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ti dára jù ú lọ, ti ọdún kejì sì tún ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn tí ó wà nínú "Sledgehammer" kò ní ẹ̀yà tuntun tí yóò wá sọ ọ́ di àtijọ́. Olórin kan náà ni, olùdarí kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ìka.

Lónìí, ẹ̀rọ lè ya àwòrán adìẹ tí ń jó kí ẹni tí ó béèrè tó mi èémí kan. Èmi kò bá ẹ̀rọ jà; òun ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rù tí ń bà mí ni pé àwọn ọmọ wa lè máa wo irú ijó bẹ́ẹ̀ láìbéèrè ìbéèrè tí ìyá mi béèrè. Ẹni tí kò bá béèrè ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ kò ní mọ ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Fọ́tò kan, ìsúnsí kan, fọ́tò kan: ẹ̀sọ̀ náà ni wọ́n gùn títí wọ́n fi dé inú ìràwọ̀.

Ìyá wa ti dàgbà báyìí. Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, mo fi fídíò náà hàn wọ́n lórí fóònù mi, mo sì sọ fún wọn pé, "Màámi, ẹ jàre o. Ọwọ́ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nick ni ó mú adìẹ yẹn jó." Wọ́n wò ó dé ìparí. Wọ́n ní, "Ó kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yìn á ti ro ó."

Bí ẹ bá tún rí ohun tí ń jó níbi tí kò yẹ kí ó ti jó, ẹ bá mi béèrè ẹni tí ó ń mú un jó.